Mo Fi Póìntì Ìyàwó Mi Sùn ní Òtẹ́ẹ̀lì

Kí ẹ tó máa ṣépè fún mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: kò sí obìnrin kankan nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí mo sùn. Làmídì ni. Bí ẹ bá mọ Làmídì, ẹ ó mọ̀ pé ìjìyà mi ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àlíù Ògúndìran lorúkọ mi, Ẹ̀jìgbò ni mo ń gbé. Lẹ́tà ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi tò ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní gbogbo àkókò náà, n kò ṣí lẹ́tà onílẹ́tà rí. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ọwọ́ mi dilẹ̀, ni mo tó bẹ̀rẹ̀, ti ìyàwó mi ni mo sì fi ṣíde.

Wàlíyátù ni ìyàwó mi, ìyá Hàlímàt. Aṣọ ló ń tà. Àwọn obìnrin Ẹ̀jìgbò tí wọ́n wà ní Àbíjàn a máa wá ra ọjà l'Ékòó, òun ni wọ́n sì máa ń bẹ̀ pé kó mú àwọn yí ọjà ká, nítorí àwọn mìíràn nínú wọn, ọ̀hún ni wọ́n bí wọn sí, Faransé yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Bó bá ti lọ báyìí, á ní ọ̀dọ̀ Bàṣírátù ẹ̀gbọ́n òun ní Agége lòun sùn. N kì í bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni ọmọ Ẹ̀jìgbò tún ń sùn ní ìlú tí ẹbí rẹ̀ bá wà?

Nítorí lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní ẹní kan ṣoṣo, etí ẹní yẹn ni wàá sùn. Ẹni tó bá fi ilé ẹbí sílẹ̀, tó lọ gba òtẹ́ẹ̀lì, ohun kan wà tí kò fẹ́ kí ẹbí rí. Ohun náà, lọ́pọ̀ ìgbà, a máa wọ ṣòkòtò.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, Wàlíyátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, ó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé. Fóònù rẹ̀ dún lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá Hàlímàt, ẹ bá mi wò ó, kó má jẹ́ Hàlímàt ló ń wá mi."

Mo gbé e, mo wò ó. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yé mi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní: Madam Wàlíyátù, a dúpẹ́ pé ẹ tún wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì wa. A nígbàgbọ́ pé ẹ̀yin àti àlejò yín sinmi dáadáa. Póìntì yín ti pọ̀ sí i.

"Ta ni?"

"Àwọn onífóònù ni. Wọ́n ní kí o wá ra orin."

"Kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ," ó ní, ó sì ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin àti àlejò yín. Mo jókòó ti gbólóhùn yẹn bí ẹni tó jókòó ti òkú.

Láti ọjọ́ náà, ojú mi là. Ìyàwó mi ń kọrin nídìí ààrò. Ìyàwó mi ra lọ́fínńdà. Orókún tó ń dùn ún, tí kò jẹ́ kó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọjà, orókún kan náà ń gbé e dé Èkó. Bí mo ṣe ń ro ó, bẹ́ẹ̀ ló ń gún régé.

Mo dá a wò.

"Ara Bàṣírátù ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Ó ní kí n kí yín."

"Yàrá wo lo sùn?"

"Èyí tí mo máa ń sùn náà ni."

"Ṣé ibùsùn rẹ̀ sì tẹ́jú?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Bàbá Hàlímàt, láti ìgbà wo lẹ ti ń bèèrè ibùsùn?"

Mo ní ọ̀rọ̀ lásán ni. Mo wọ inú ilé, mo pe Bàṣírátù lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an o, tí ẹ gba ìyàwó mi sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Bàṣírátù dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn ju ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀... kò tọ́pẹ́ o. Ilé rẹ̀ náà ni."

Irọ́ ni. Mo mọ irọ́ bí mo bá gbọ́ ọ, nítorí èmi náà ti ń pa á láti òwúrọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Làmídì lọ. Làmídì ń ta oúnjẹ adìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Láti kékeré ni a ti jọ wà, kò sì fún mi ní ìmọ̀ràn rere rí. Ìdí tí mo fi tún ń lọ bá a, Ọlọ́run ló mọ̀.

"Òtẹ́ẹ̀lì?" Làmídì pariwo. "Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Agége?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Àwọn adìẹ nìkan ló ń gbọ́. Ọ̀gá Lẹ́tà, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ bi í."

"O ò gbọdọ̀ bi í! Bí o bá bi obìnrin láìsí ẹ̀rí lọ́wọ́, á sunkún, ìwọ ni wàá sì wá bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rí ni kí o kọ́kọ́ wá. Lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà."

"Ṣé wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ àlejò wọn fún mi ni?"

"Kí ló dé tí ìwọ náà ò di àlejò? Kí ni wọ́n ń pe póìntì yẹn ná?"

Mo ṣàlàyé fún un. Bí o bá ń sùn lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á máa kọ póìntì sílẹ̀ fún ọ; ọjọ́ tó bá pọ̀ tó, wàá fi sùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ojú Làmídì là. "Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Lo póìntì rẹ̀, gba yàrá lórúkọ rẹ̀. Bí o bá débẹ̀, tí o ní ìwọ lọkọ madam, ojú wọn ni wàá ti ka ìyókù."

"Póìntì rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Ààfáà mọ́sálásí wa máa ń sọ ọ́ lórí mínbárì pé ohun ìní obìnrin, tirẹ̀ ni."

"Owó ni Ààfáà ń wí," ni Làmídì wí. "Kò dárúkọ póìntì."

Ẹ ò rí i? Ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ adìẹ ló ń túmọ̀ ẹ̀sìn fún mi, mo sì ń gbọ́.

Ẹ wá gbọ́ wàhálà tó wà nínú ohun tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Èmi ni mo bá Wàlíyátù ṣí íméèlì rẹ̀, nítorí náà mo mọ ọ̀rọ̀ ìṣínà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, wọ́n jọ mí. Wọ́n ní àwọn á fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù ìyàwó mi, pé kí n tètè kọ ọ́ kó tó kú. Fóònù náà kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bó bá ń kírun.

Mo ní n kò ní lè lọ sí mọ́sálásí fún Màgàríbì, pé orókún ń dun èmi náà. Ó kẹ́dùn, ó bá mi fi òróró pa á. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ẹní rẹ̀. Nígbà tó forí kanlẹ̀, mo mú fóònù rẹ̀. Kóòdù dé. Mo kọ ọ́ sínú fóònù tèmi, mo pa á rẹ́ nínú tirẹ̀. Kó tó gbórí sókè, mo ti dá fóònù padà sí ààyè rẹ̀, mo ń pa orókún mi.

Yàrá kékeré ti tán níbẹ̀. Èyí tó kù ni yàrá ńlá tó kọjú sí ọ̀sà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba póìntì náà tán. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé bí mo bá ti gbà á, kò sí àyípadà, kò sí ìdápadà. Ọwọ́ mi dúró díẹ̀. Mo tún rántí àlejò yẹn, mo sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi mí pé èèyàn mélòó. Mo tẹ méjì. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

Ọjọ́ tí Wàlíyátù lọ sí Masifa fún ìgbéyàwó ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ni a mú. Mo ní èmi àti Làmídì ń lọ wá iṣu gbígbìn ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, pé ó ṣeé ṣe kí a sùn.

"Ẹ bá mi mú iṣu jíjẹ díẹ̀ bọ̀," ó ní. "Kí ẹ sì rọra lórí ọ̀kadà, nítorí orókún yín."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà ní ibi ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n kọ Wisdom sí àyà ẹ̀wù rẹ̀. Mo fún un ní orúkọ.

"Madam fúnra wọn dà, sà?"

"Ọkọ rẹ̀ ni mí."

Ó wò mí, ó wo Làmídì, ó wo àpò ìyẹ̀fun tí Làmídì kó ẹrù rẹ̀ sí. "Ẹ káàbọ̀, sà. Èèyàn wa ni madam."

"Ṣé ó máa ń wá dáadáa?"

"Wọ́n máa ń wá, sà."

"Òun àti ta?"

"Àwọn àti àlejò wọn, sà."

"Àlejò náà, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Wisdom rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń kọ́ èèyàn. "Sà, a kì í sọ ọ̀rọ̀ àlejò wa. Bí madam bá wá bi wá lọ́la pé ta lẹ mú wá, a ò ní sọ." Ó tún wo Làmídì. "Kí ọkàn yín balẹ̀, sà."

Ẹ̀rí tí mo torí rẹ̀ lọ sí Èkó nìyẹn.

Ẹ bi mí nípa yàrá náà. Yàrá dára. Káàdì tó ń ṣílẹ̀kùn náà ló ń tan iná, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa, a jókòó sínú òkùnkùn bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Wọ́n fi aṣọ ìnura ṣe ẹyẹ sórí ibùsùn. Làmídì ní òun ò lè fi ẹyẹ nu ara, ó fi agbádá rẹ̀ nura. Póìntì kò ká oúnjẹ, oúnjẹ wọn sì kọjá agbára wa, nítorí náà a rẹ gàrí tí Làmídì mú wá sínú ife tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún fífọ eyín, a kọjú sí ọ̀sà, a mu ún. Ibùsùn náà gbòòrò débi pé mo rò pé n kò ní gbọ́ ìhanrun Làmídì láti òdìkejì. Mo gbọ́ ọ.

Nígbà tí a ń lọ, Làmídì ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà funfun tí wọ́n fi sẹ́bàá ibùsùn, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ góòlù ya òṣùpá, àmì òtẹ́ẹ̀lì wọn, sí lójú.

"Bọ́ ọ sílẹ̀."

"Wọ́n ní tiwa ni. Ṣé lásán ni mo máa rìn dé ibí?"

A ra iṣu lójú ọ̀nà. Wàlíyátù sè é, ó jẹ ẹ́, ó ní iṣu Ifẹ̀-Ọ̀dàn ò dùn mọ́ bíi tàtijọ́.

Ìfura mi ò lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó sanra sí i. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, Wàlíyátù ní, "Bàbá Hàlímàt, ẹ má jáde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ."

Mo ní, ó parí. Ẹ̀rí ọkàn ti mú un. Mo múra ọ̀rọ̀ ìdáríjì sílẹ̀ lọ́kàn mi. Mo tilẹ̀ wá hàdíìsì kan fi sí i.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, mo bá Ààfáà Mùhámmẹ́dù ní pálọ̀ mi, ẹni tó ń kó àwọn èèyàn lọ sí Úmúrà ní Mẹ́kà. Ọmọbìnrin kan tún jókòó tì í, Afeezat, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Wàlíyátù láti Àbíjàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Tọ́ńtọ̀n," bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin ní Àbíjàn. Mo ní, áà, ó tún pe ẹlẹ́rìí.

Wàlíyátù kúnlẹ̀ níwájú mi. "Bàbá Hàlímàt, ẹ dárí jì mí. Mo purọ́ fún yín. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Bàṣírátù ni mo máa ń sùn l'Ékòó. Òtẹ́ẹ̀lì ni."

Mo tún ohùn ṣe. Mo ní, "Ìyá Hàlímàt, Ọlọ́run aláàánú jù lọ..."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Àwọn Afeezat ni mo máa ń sùn tì. Wọn ò gbọ́ Òyìnbó, ẹ̀rù Èkó ń bà wọ́n. Àwọn ló ń sanwó yàrá, orúkọ mi la fi ń gbà á. Bàṣírátù mọ̀ sí i, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi bò ó. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì fún yín pẹ́nrẹ́n, ẹ ò ní sùn mọ́."

"Tántì máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ni Afeezat wí. "Wọ́n ní Tọ́ńtọ̀n máa ń ronú púpọ̀."

Hàdíìsì mi bọ́ sọ nù.

"Ìdí tí mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀ nìyí," ni Wàlíyátù wí, ojú rẹ̀ ń tàn. "Òtẹ́ẹ̀lì náà ní ẹ̀ka ní Mẹ́kà. Ó kọjú sí mọ́sálásí Káábà gan-an. Ẹ mọ orókún mi. Ibi tí àwọn tó kù máa ń wọ̀ jìnnà. Bí mo bá wọ̀ síbi jíjìn yẹn, inú yàrá ni n ó ti máa kírun bí ẹni tó wà ní Ẹ̀jìgbò. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ń wí yìí, bí mo bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà, mo débẹ̀. Póìntì ọ̀hún ni mo ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti pé. Èmi àti ẹ̀yin la ó jọ lọ."

"Allāhu Akbar," ni Ààfáà wí. "Alájì Àlíù, Ọlọ́run fún ọ ní ìyàwó. Ẹ mú fóònù wá, ká gba yàrá náà kó tó tán."

Mo wá ilẹ̀ tó lè lanu, n kò rí. Símẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é.

Ààfáà tẹ fóònù. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ìyá Hàlímàt, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan níbí mọ́."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," ni mo tètè sọ.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé wọ́n ti lò ó. L'Ékòó. Yàrá ńlá tó kọjú sí ọ̀sà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni méjì."

Wàlíyátù gba fóònù, ó wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó Masifa," ó ní. "Ọjọ́ tí ẹ lọ wá iṣu. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣí i, àfi èmi àti ẹ̀yin." Ohùn rẹ̀ ò ga rárá. "Ta ni ẹnì kejì, Bàbá Hàlímàt?"

Ààfáà wúkọ́. Ó ní ọkùnrin lè ṣèṣì, pé ẹ̀sìn tilẹ̀ fàyè gba ìyàwó kejì, bó bá gba ọ̀nà ẹ̀tọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé obìnrin ni. Òótọ́ ni mo sọ fún yín. Ọkùnrin tó bá gbé obìnrin lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní ẹgbẹ́ ní Ẹ̀jìgbò, wọ́n á bá a bẹ aya rẹ̀. Èyí tí mo ṣe yìí, n kò tíì gbọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é ṣáájú mi.

Mo la ẹnu. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti ké láti ẹnu ọ̀nà.

"Sàlámù aláékúmù! Ọ̀gá Lẹ́tà, ṣé oúnjẹ ti jinná?"

Làmídì bọ́ bàtà, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà dáadáa bí ọmọlúwàbí. Sálúbàtà funfun ni. Eruku Ẹ̀jìgbò ti sọ ọ́ di pupa, ṣùgbọ́n òṣùpá góòlù náà ṣì ń dán, òun kan náà tó wà lójú fóònù lọ́wọ́ ìyàwó mi.

"Tántì," ni Afeezat wí, "ẹ wo bàtà."

Gbogbo ilé wo bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n Làmídì," ni Wàlíyátù wí, "níbo lẹ ti ra sálúbàtà yẹn?"

Làmídì wò mí. Mo wo òrùlé.

"Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni," ó ní. "Wọ́n ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu."

Ojú Wàlíyátù rọ̀. Mo rí i. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe obìnrin." Mo sì rí i bí ojú náà ṣe tún ṣókùnkùn, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí òjò ń ṣú láti apá ìlú Ara.

"Bí kì í bá ṣe obìnrin, kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo tún wo òrùlé.

"Èmi lẹ lọ wá. Ẹ lọ wá ọkùnrin tí mo ń bá sùn."

"Ìyá Hàlímàt, àlejò tí wọ́n kọ..."

"Wọ́n gbọ́dọ̀ fi kóòdù ránṣẹ́. Fóònù yìí kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ìgbà wo lẹ rí i gbà?"

"Màgàríbì," ni mo wí.

"Ọjọ́ tí mo fi òróró pa orókún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nígbà tí mo wà lórí ẹní."

"Nígbà tí o forí kanlẹ̀."

Ó mi orí. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orókún. "Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dárúkọ yín," ó ní, ó sì wọ yàrá.

Làmídì gbé sálúbàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ lásán lọ sílé.

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo rán àgbà sí i. Bàṣírátù gbéra láti Agége, ó sọ̀rọ̀ sí mi tí n kò ní kọ síbí nítorí àwọn ọmọdé tó lè máa ka ìwé ìròyìn yìí. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì náà, Wisdom ló gbé e. Ó ní àwọn kì í dá póìntì padà, ó sì bèèrè bóyá ara àlejò mi le.

Ààfáà ní pẹ̀lú orókún yẹn, láìsí yàrá ìtòsí, kí Wàlíyátù ní sùúrù lọ́dún yìí. Ọjọ́ tí àwọn tó kù lọ, ó dín kúlíkúlí fún wọn, ó sì sìn wọ́n dé gáréèjì. Ó tẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wálé. Mo rìn lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè dì í lọ́wọ́ mú.

Ẹni tó bá fẹ́ bi mí bóyá òtẹ́ẹ̀lì ńlá tí a fi póìntì sùn tó ìyọnu rẹ̀, ìdáhùn mi ni pé ibùsùn náà tẹ́jú. Gàrí kan náà ni.

Nígbà tó tún fẹ́ máa lọ sí Èkó, Wàlíyátù mú fóònù mi, ó tẹ nǹkan sí i, ó dá a padà fún mi.

"Mo ti yí nọ́ńbà padà," ó ní. "Ọ̀dọ̀ yín ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì á máa kọ ọ̀rọ̀ sí báyìí, àti kóòdù. Kí ẹ má baà máa dá ìrun mi dúró." Ó gbé àpò rẹ̀. Bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó póìntì jọ láti ìdí nìyẹn.

Lánàá òde yìí, fóònù mi dún. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ madam àti àlejò rẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo lọ ṣe àlùwàlá.

Mo forí kanlẹ̀, orúkọ ìyàwó mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Fóònù tún dún lẹ́yìn mi.

N kò gbórí.